Ẹgbẹ́ tó níbò jù ní Bihar, kí ló dé tó jẹ́ àga 25 péré ló gbà?

Ìbéèrè tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ sí mi rèé, mo kàn gé e kúrú ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ará Íńdíà ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bihar ló ti wá. Lọ́jọ́ tí èsì ìbò wọn jáde ní November 2025, ṣe ló ń pín ládù, nǹkan róbótó kan tó dùn bíi ṣúgà, fún gbogbo wa ní ọ́fíìsì. Mo wá lọ wo èsì ìbò ọ̀hún fúnra mi, ó sì rú mi lójú. RJD ní ìbò 23 pasẹ́ǹtì, kò sẹ́gbẹ́ míì tó ní tó bẹ́ẹ̀, àga 25 ló gbà. BJP ní 20 pasẹ́ǹtì, òun gba 89. Ṣé kì í ṣe màgòmágó nìyẹn? Èkejì, Nitish Kumar tó tún di chief minister, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn, yìí, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá tó máa búra rèé, àti pé apá méjèèjì tó ń bára wọn jà yìí ló ti bá ṣèjọba rí. Báwo lèèyàn ṣe ń rí irú ẹ̀ ṣe?"

Àbúrò, bá mi kí ọ̀gá ẹ o, kó sì fi ládù tèmi pamọ́. Ìbéèrè méjì lo rò pé o bi mi, àmọ́ orísun kan náà ni méjèèjì ti ṣàn wá. Ní Bihar, ẹgbẹ́ kọ́ ló ń wọlé ìbò, àjọṣe ló ń wọlé. Mò ń sọ nípa àwọn ẹgbẹ́ tó ti jókòó, tí wọ́n ti pín àgbègbè láàárín ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì, pé ìwọ lo máa díje níbí, èmi á díje lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn mi á dìbò fún ẹ níbí, àwọn tìẹ náà á dìbò fún mi lọ́hùn-ún. Tó o bá wá ń ka ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orí á kàn máa gbóná fún ẹ ni.

Jẹ́ ká mú 23 tó rú ẹ lójú yẹn. Ilé aṣòfin Bihar ní àga 243, ẹni tó bá fẹ́ ṣèjọba gbọ́dọ̀ ní 122. RJD, ẹgbẹ́ Lalu Yadav àti ọmọ ẹ̀ Tejashwi, fa olùdíje kalẹ̀ níbi tó lé ní 140. BJP, ẹgbẹ́ Modi tó jẹ́ prime minister Íńdíà, ò díje ju ibi 101 lọ, ó fi ìyókù sílẹ̀ fáwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ìbò tí RJD ṣà láti ibi tó lé ní 140 yẹn ni wọ́n rò pọ̀ tó fi jẹ́ 23, tí BJP sì ṣà 20 láti ibi 101. Pín in wò fúnra ẹ. Níbi tí BJP ti díje, ó ń mú bíi 48 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, níbi tí RJD ti díje, ó ń mú bí 40. (Ìṣirò ẹ̀yìn bébà lèyí o, torí àwọn olùdìbò ò pọ̀ bákan náà ní gbogbo àgbègbè, àmọ́ kò jìnnà sí òótọ́.) Ìbò tiwọn, ẹni tó bá fi ẹyọ kan ṣíwájú ló kó o lọ, kò sí pé o fún ẹnì kejì ní ìdajì àga. Ẹni tó bá ń gba 40 níbi tẹ́nì kan ti ń gba 48, ipò kejì ló ń gbà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òǹkà ìbò ẹ̀ á sì máa ga, á ga, á ga, láìsí àga kankan lábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ní 2020, ní àgbègbè Hilsa, ìbò 12 ni JD(U), ẹgbẹ́ Nitish, fi na RJD. Méjìlá! Ìdílé kan ṣoṣo tó sùn gbàgbé lọ́jọ́ ìbò ti tó. Ní 2025 yìí náà, ìbò 27 ni wọ́n fi borí ní Sandesh, JD(U) àti RJD kan náà ni.

Wàyí o, ro apá kọ̀ọ̀kan pọ̀. Apá tí BJP àti JD(U) ti Nitish wà ni wọ́n ń pè ní NDA, apá tí RJD àti Congress wà ni Mahagathbandhan, ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Híńdì ò ju àjọṣe ńlá lọ. Lọ́dún 2025, NDA ní nǹkan bí 47 pasẹ́ǹtì lápapọ̀, Mahagathbandhan ní bíi 38. Bó ṣe di àga 202 sí 35 nìyẹn, ìyókù bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíì. Ó ya èèyàn lẹ́nu pé 9 pasẹ́ǹtì lè ya ilé aṣòfin báyẹn àbí? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí ibi gbogbo ni 9 yẹn tàn dé. Ká ní ẹ̀ka kan ló kó jọ sí, àga ò bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà ni 2020. Lọ́dún yẹn, nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 40, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì jákèjádò ìpínlẹ̀ ò ju bí ẹgbẹ̀rún 12 àti díẹ̀ lọ. Bíi 37 pasẹ́ǹtì sí bíi 37. NDA gba 125, Mahagathbandhan gba 110, díẹ̀ ló kù kí Tejashwi dé orí àga. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún tí apá kan fi fò lọ sí 47? Ṣé àwọn ará Bihar ló yíwà padà? Rárá o. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chirag Paswan.

Bàbá ẹ̀, Ram Vilas Paswan, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Delhi, kú ní October 8, 2020, ìbò ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ sígbà yẹn. Chirag ti kúrò nínú àjọṣe ní ìpínlẹ̀ kí bàbá ẹ̀ tó kú, ó lóun ò bá Modi jà o, pé òun ni Hanuman Modi, ìyẹn òrìṣà ọ̀bọ tó sin Rama tọkàntọkàn nínú ìtàn àwọn Híńdù, ṣùgbọ́n Nitish lòun ń bá jà. Ó wá fa olùdíje kalẹ̀ níbi tó lé ní 130, ọ̀pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló jẹ́ ibi tí JD(U) ti ń díje. Àga mélòó ló gbà? Ẹyọ kan. Àmọ́ ó kó 5.66 pasẹ́ǹtì ìbò, ibi tó sì ti kó o yẹn gan-an ló ti ṣàkóbá fún JD(U) lọ́pọ̀ ibi, Nitish bọ́ láti 71 tó ní ní 2015 sí 43. Àwọn èèyàn ò dákẹ́, wọ́n ní BJP mọ̀ sí i, kí Nitish lè kéré lábẹ́ wọn. BJP ní rárá. Èmi ò sí níbẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ni pé adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ, bí BJP àti Nitish ṣe ń gbé pọ̀ láti ìgbà náà nìyẹn.

Ní 2025 wọ́n bẹ Chirag wọlé, wọ́n fún un ní ibi 29, ó sì gba 19 níbẹ̀. Wọ́n fún Upendra Kushwaha, olórí ẹgbẹ́ kékeré kan, ní 6, òun náà tí kò sí ní apá méjèèjì ní 2020 tó sì mú bíi 1.8 pasẹ́ǹtì, ó gba 4. Wọ́n fún Jitan Ram Manjhi, olórí ẹgbẹ́ kékeré míì, ní 6, ó gba 5. BJP mú 101, JD(U) mú 101, ọgbọọgba, fún ìgbà àkọ́kọ́, torí tẹ́lẹ̀ JD(U) lẹ̀gbọ́n nínú ilé yẹn. Tó o bá mú 37 ti 2020, tó o fi 5.66 lé e, tó o fi 1.8 lé e, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 45 láìtíì bá olùdìbò kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Wàá ní Mukesh Sahani àti ẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn apẹja odò, sá kúrò ní apá yìí lọ sí apá kejì. Òótọ́ ni, ìyẹn mú díẹ̀ kúrò. Kò mú púpọ̀. Kódà kò rí àga kan ṣoṣo gbà.

Ní apá kejì, ṣe ni wọ́n ń fa ìjàkadì lórí tábìlì. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pín àgbègbè tán débi pé October 23 ni wọ́n tó kéde pé Tejashwi lá máa ṣe chief minister, Sahani á sì ṣe igbákejì, bẹ́ẹ̀ November 6 ni ìbò àkọ́kọ́. Ọjọ́ 14 péré. Ìgbà tí wọ́n fi máa sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n lè yọ orúkọ kúrò ti kọjá níbòmíì, ló bá di pé ní bíi àgbègbè mẹ́wàá, àwọn tó jẹ́ ará ilé kan náà ló ń bára wọn díje. "Ìjà ọ̀rẹ́" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìjà ọ̀rẹ́ kẹ̀! Fojú inú wo alátìlẹyìn wọn tó débi ẹ̀rọ ìdìbò, ó rí àtùpà RJD, ó rí ọwọ́ Congress, wọ́n sì ti ń sọ fún un láti oṣù tó kọjá pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, èwo ni kó wá tẹ̀?

Ìwọ mọ bí àmì ṣe ṣe pàtàkì tó nílé, nígbà tó jẹ́ pé "ọ̀pẹ" àti "àkùkọ" làwọn bàbá wa ń pe Action Group àti NCNC, kì í ṣe orúkọ ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́hùn-ún: RJD àtùpà, JD(U) ọfà, BJP òdòdó orí omi, Congress àtẹ́lẹwọ́, ti Chirag hẹlikọ́pítà. Olùdìbò á wọlé, wọ́n á kun yíǹkì sí ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ òsì ẹ̀, á tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì tó fẹ́, bébà kékeré kan á yọ nínú gíláàsì fún ìṣẹ́jú àáyá méje kó lè rí i pé ohun tóun tẹ̀ nìyẹn, bébà á sì já bọ́ sínú àpótí. Ìṣẹ́jú àáyá méje yẹn ni gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe lóru ń wá sí.

Ohun tó tún dùn mí fún wọn ni ọ̀rọ̀ Owaisi, olórí AIMIM, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí tó ti Hyderabad wá. Ní apá ìlà-oòrùn Bihar tí wọ́n ń pè ní Seemanchal, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ó gba àga 5 ní 2020, RJD sì fa mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún yẹn sínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ ní 2022. Nígbà tó di 2025, àwọn AIMIM ní kí wọ́n jẹ́ káwọn wọ Mahagathbandhan, wọn ò béèrè ju àgbègbè mélòó kan lọ. Wọ́n ní rárá. Ó dá jà, ó tún gba 5 ẹ̀. Congress tí wọ́n fún ní ibi bí 60, 6 ló mú bọ̀.

Kó o tó lè mọ̀dí tí wọ́n fi ń jà sí àgbègbè báyẹn, o gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ kásìtì, ìyẹn ìdílé tí wọ́n bí èèyàn sí, tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ tí bàbá-ńlá ẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìgbéyàwó títí dòní. Ìjọba Bihar ka àwọn èèyàn nípa ẹ̀, wọ́n gbé iye ẹ̀ jáde ní October 2, 2023, ìpínlẹ̀ tó ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 130. Yadav, àwọn darandaran àti oníwàrà, ìran Lalu, jẹ́ 14.27 pasẹ́ǹtì. Mùsùlùmí jẹ́ 17.7. Pa á pọ̀, ó di 32, òun ni òpó ilé Lalu láti 1990 tó ti kọ́kọ́ di chief minister. 32 pọ̀ o! Tí ìyókù bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, 32 á máa wọlé ṣáá ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó le bí òkúta, kì í fọ́, kì í sì í fẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá sì ti ń dún kíkan létí àwọn tó kù pé àwọn Yadav tún ń bọ̀, àwọn tó kù á kóra jọ ni.

Nitish, ìran Kurmi ni, àgbẹ̀. Nínú òǹkà yẹn, Kurmi ò pé 3 pasẹ́ǹtì. Báwo lẹni tí ìran ẹ̀ ò pé 3 ṣe wá ṣèjọba fún bí ogún ọdún? Ó wo inú àwọn tí kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n, àwọn ìran kéékèèké tó lé ní ọgọ́rùn-ún, onígbàjámọ̀, apẹja, alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń fún epo, ìkankan nínú wọn ò tó nǹkan fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá dì wọ́n pọ̀, 36 pasẹ́ǹtì ni wọ́n, wọ́n pọ̀ ju ìran èyíkéyìí lọ. Ní 2006 ló ya ipò sọ́tọ̀ fún wọn nínú ìjọba abúlé. Kí wọ́n má rò pé ó parí síbẹ̀, ó tún ya ìdajì gbogbo ipò abúlé sọ́tọ̀ fáwọn obìnrin.

Àwọn obìnrin yìí gan-an ni ìbò 2025, tó bá jẹ́ èmi lẹ bi. Ọdún díẹ̀ ni mo fi kàwé ní Delhi, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá kan ní hostel, ará Bihar ni. Tó bá ti di àsìkò Chhath, ọdún tí wọ́n fi ń bọ òòrùn létí odò, mo máa ń sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, ohun tí mò ń rí níbẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, ojú fèrèsé làwọn míì ń gbà wọ ọkọ̀, ẹlòmíì ń dúró nínú ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ títí dé Patna, wákàtí mẹ́tàdínlógún. Ọkùnrin ló pọ̀ jù. Iṣẹ́ ò sí nílé, Delhi, Mumbai, Punjab ni wọ́n wà, ìyàwó àti ìyá ló ń ṣọ́ ilé. Torí náà lọ́jọ́ ìbò, àwọn obìnrin ló ń tò, ní 2025 wọ́n ka bíi 72 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó dìbò sí bíi 63 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi ìbò sẹ́yìn Chhath kí àwọn tó wálé ọdún lè ráyè dì í. Lápapọ̀ ó tó 67 pasẹ́ǹtì, kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Bihar, 57 ni ti 2020.

Nitish sì ti ń bá wọn bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ní 2006 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lásán, ohun tó sọ ọ̀pọ̀ wọn di ẹni tó parí sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn, torí ilé ìwé jìnnà. Ní April 2016 ó fòfin de ọtí, torí àwọn obìnrin ló ní kó fòfin dè é. Nígbà tó wá di September 26, 2025, ìbò ti wọlé dé tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rupee 10,000 sínú àkáǹtì àwọn obìnrin láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò, Modi fúnra ẹ̀ ló tẹ bọ́tìnì ẹ̀ láti Delhi, obìnrin mílíọ̀nù 7.5 lọ́jọ́ kan. Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún dọ́là fún ẹnì kan. Alátakò ní owó ìbò gbangba nìyẹn, pé àwọn tó ń ṣètò ìbò dijú sí i. Tejashwi náà ṣèlérí tiẹ̀, rupee 30,000 fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ìjọba fún ẹnì kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé "gbà" àti "màá fún ẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà létí ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé.

Ó yá, màgòmágó. Mi ò ní fi ọwọ́ gbá ìbéèrè yẹn dànù, torí àwọn ará Bihar fúnra wọn ń bi í. Láti June 2025 ni àjọ elétò ìdìbò ti sọ pé àwọn fẹ́ tún ìwé orúkọ olùdìbò kọ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ jáde ní August 1, orúkọ mílíọ̀nù 6.5 ti pòórá, wọ́n ní òkú ni òmíì, òmíì ti kó lọ, òmíì kọ orúkọ sí ibi méjì. Rahul Gandhi, aṣáájú Congress, gbéra, ó rin Bihar já, ó ń pariwo pé wọ́n ń jí ìbò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n yọ yẹn síta, kí wọ́n sì sọ ìdí. Àjọ náà ní kò sí ojúsàájú kankan. Lójú tèmi, ìdààmú gidi ni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Punjab, tí wọ́n ní kó wá mú ìwé ẹ̀rí wá láàárín oṣù kan. Àmọ́ ìyàtọ̀ àárín apá méjèèjì lé ní ìbò mílíọ̀nù mẹ́rin, ìṣirò tí mo sì ṣe fún ẹ lókè yẹn, 37 àti 5.66 àti 1.8, ìwé 2020 ni mo ti mú un, kí wọ́n tó fọwọ́ kan orúkọ ẹnikẹ́ni. Àtorí tábìlì ni 25 RJD ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku Nitish. Òun àti Lalu jọ jẹ́ ọmọ iléèwé tó bá Jayaprakash Narayan jáde síta ní 1974 láti bá ìjọba jà, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Lalu gorí àga ní 1990, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ màlúù tí wọ́n ní ó sọnù mú un kúrò ní 1997, ó gbé àga fún ìyàwó ẹ̀, Rabri Devi, tó ń dáná nílé. (Má rẹ́rìn-ín, ó lò ó dáadáa o.) Nitish ti bá BJP lọ nígbà yẹn. Ó ṣe chief minister fún ọjọ́ méje péré ní 2000, ó padà wá ní 2005, ó tún wọlé ní 2010, ó bínú kúrò lọ́dọ̀ BJP ní 2013 torí Modi, ó bá Lalu so pọ̀ ní 2015 wọ́n sì na Modi ní ìnà burúkú, ó já Lalu sílẹ̀ ní July 2017 ó padà sọ́dọ̀ Modi, ó já Modi sílẹ̀ ní August 2022 ó padà sọ́dọ̀ ọmọ Lalu, ní January 28, 2024, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ Tejashwi, ó búra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ BJP. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rò, ta ló bá a jẹ ẹ́? Lalu ló fún un lórúkọ Paltu Ram, Ram ayípadà. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

O bi mí bó ṣe ń rí i ṣe. Àkọ́kọ́, kì í ṣe bíi gómìnà tiwa tí gbogbo ìlú ń dìbò fún. Ẹni tí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù bá gbà ni chief minister, bí Awólọ́wọ̀ ṣe di Premier ní Ìbàdàn ní 1954 nìyẹn. Nitish ò tilẹ̀ díje ní àgbègbè kankan o, ilé aṣòfin kejì ló wà nígbà yẹn, tí gbogbogbòò kì í dìbò sí tààrà. Èkejì, òfin lòdì sí aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣe é ní 1985 nítorí ìwà bíi ti Gaya Lal ní Haryana, tó pààrọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní 1967. Nitish kì í fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Odindi ẹgbẹ́ ló máa ń gbé, inú JD(U) ló wà lánàá, inú JD(U) ló wà lónìí, ẹnu ọ̀nà ilé nìkan ló yí padà. Òfin yẹn ò rí i mú.

Ẹ̀kẹta, ìṣirò. Ní 2020, BJP 74, RJD 75, òun 43. Fi òun kún BJP, 117. Fi òun kún RJD, 118, àwọn kéékèèké tó wà lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan á sì gbé e kọjá 122. Ẹni tó bá bá lọ ló máa ṣèjọba, ẹni tó bá ní òun ò ní fún un lága, ilé ló ń lọ. Àwọn èèyàn wá rò pé 2025 ti pa idán yẹn. Wò ó dáadáa: yọ 85 Nitish kúrò nínú 202, ó ku 117, BJP àtàwọn kéékèèké ò pé, àga márùn-ún ló kù. Fi 85 yẹn kún 35 Mahagathbandhan, 120, àga méjì ló kù, Owaisi sì wà ní kọ́nà pẹ̀lú 5. Ní Delhi náà, BJP tó ní 240 nínú 543 láti 2024 ò lè dá dúró, aṣòfin 12 ti Nitish wà lára igi tó gbé òrùlé ró. Ìdí tí wọ́n fi fà á lé e lọ́wọ́ ní November 20, 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ tiwọn fi àga mẹ́rin ju tiẹ̀ lọ nìyẹn.

Ní ti ọ̀gá ẹ, tó o bá fẹ́ bá a tàkúrọ̀sọ, má bi í ní kásìtì tó ti wá o, kò dáa, pàápàá láàárín ọ́fíìsì. Bi í ní àgbègbè wo ni wọ́n ti bí i, Nalanda àbí Saran àbí Seemanchal, kó o sì bi í bóyá ìyá ẹ̀ dìbò. Ó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.